Igbá Omi Kan Nílé Òjó

Ẹ jókòó. Ẹ fi ìgò ohun mímu tí ẹ gbé wá yẹn sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, mi ò tíì ṣetán láti mu nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ pé ẹ rò pé ìkíni ọjọ́ Àìkú ni mo torí ẹ̀ ránṣẹ́ pè yín. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ló ń bí mi. Láti àná ni inú ti ń bí mi, oúnjẹ tí ìyàwó ọmọ mi gbé síwájú mi láàárọ̀, mo tì í sẹ́yìn. Ẹ̀yin márùn-ún tí ẹ ń kọ́ àwọn èèyàn ní katikísímù ní ìjọ Àgùdà wa ní Akpakpa níbí, ọ̀rọ̀ yín ni. Àti ìwọ Felisité, ọmọ ọmọ mi, tí wọ́n fi ṣe olórí wọn, má wo fóònù. Ojú mi ni kí o wò.

Ìyá Bíọ́lá wá bá mi níbí lánàá. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, ìyá tó ń yan ẹja létí ọ̀sà, tí èéfín ti wọ aṣọ rẹ̀ débi pé ológbò máa ń tẹ̀ lé e lọ sí Mísà. Ibi tí Símónì jókòó sí yẹn ló dúró sí. Mi ò rí i kí ìyá yẹn sunkún rí. Ọjọ́ tí iná jó àgọ́ rẹ̀, ẹ̀rín ló ń rín bó ti ń gbá eérú. Ṣùgbọ́n lánàá ó sunkún. Ó ní ẹ yọ orúkọ òun kúrò lára àwọn tí yóò ṣe ìrìbọmi ní Àjíǹde. Ó ní ẹ fi Faransé bi òun pé kí òun ka sákírámẹ́ńtì méje, òun fi Nàgó, èdè wa, ka márùn-ún, ẹ ní kò tó. Ẹ tún ní àwọn ìwé òun tí ẹ ń pè ní dosíyè kò pé, pé fọ́tò kan ló kù. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìyá yìí ti ń wá! Ó wá bi mí pé, “Bàbá, ṣé Ọlọ́run ò gbọ́ Nàgó mọ́ ni?” Kí ni ẹ fẹ́ kí n fi dá a lóhùn?

Mo gbọ́ ohun tí o ń kùn sínú, Felisité. “Bàbá àgbà, òfin ni.” Òfin! O lọ sí yunifásítì ní Kalavi, o wá ń kọ́ mi ní òfin ìjọ tí mo ti ń gbá ilẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá rẹ. Òótọ́ ni pé Ìjọ ní kí á mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó fẹ́ wọlé. Mi ò ní kí ẹ máa da omi lé èèyàn lórí bí ẹni ń fọ mọ́tò. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ní àkísà kan tí mi ò fi han ẹnikẹ́ni rí, àfi àlùfáà. Ìrọ̀lẹ́ yìí lẹ máa gbé ìwé orúkọ lọ fún Mọnpẹ́ẹ̀, bí a ṣe ń pe àlùfáà níbí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ó ti gbọ́ mi tán.

Akpakpa tí ẹ mọ̀ yìí kọ́ ni èmi bá. Iyanrìn ni gbogbo ibí, àti igi àgbọn, àti àgọ́ àwọn apẹja. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé mi wá láti Pobè, a máa ń gbọ́ fèrè rẹ̀ kí á tó rí èéfín. Lónìí ẹ lè rìn ká gbogbo àdúgbò yìí kí ẹ má rí ẹni tó rántí ìró rẹ̀. Ìjọ wa kò ní agogo nígbà náà. Irin ojú ọ̀nà ọkọ̀ yẹn kan tó ti kán, òun la so kọ́ sórí igi fúrúùtù iwájú ilé ìjọsìn, tí a ń fi òòlù lù. Gbaun! Gbaun! Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà á gbọ́, á ṣí fìlà. Ẹ̀yin ti ní gbohùngbohùn báyìí, tí ẹ fi ń kéde láti àárọ̀ títí tí èèyàn ò fi ní lè ronú ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ dáadáa.

Abẹ́ igi la ti ń kọ́ni. Àwọn Fọ̀n ní igi tiwọn, àwọn Gùn ní tiwọn, àwa Nàgó náà ní tiwa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀, tí iṣẹ́ ti tán. Ẹni tó bá wá, ẹní la ń tẹ́ fún un. A ò béèrè fọ́tò. Ta ló ní fọ́tò? Èmi a gbé ohùn sókè, “Ta ló dá ọ?” Wọn a fi orin dáhùn pé, “Ọlọ́run ló dá mi.” “Kí ló ṣe dá ọ?” “Ó fẹ́ràn mi ni.” Àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹ èso fúrúùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n kà. Àwọn obìnrin tó ń ti ọjà Dantọkpa bọ̀ á sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á gbọ́ díẹ̀, òmíràn nínú wọn á jókòó pátápátá, ó di ọmọ ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Àmì àgbélébùú ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé, ẹ fọwọ́ kan iwájú orí, ẹ fi kan àyà, ẹ fi kan èjìká òsì, ẹ fi kan ti ọ̀tún, ìkíni ilé wa nìyẹn. Ẹ kì í wọ ilé onílé láìkí i, ẹ ò sì gbọdọ̀ wọ ilé Baba láìpe orúkọ rẹ̀. Omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn kì í ṣe oògùn. Ó ń rántí fún wa omi tí wọ́n fi wẹ̀ wá di ọmọ. Ẹni tí a kò tíì wẹ̀ náà lè ti ìka bọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò gbá a lọ́wọ́. Katikíìsì ni wọ́n ń pe èmi olùkọ́ wọn. Wọ́n á bi mí pé, “Katikíìsì, ṣé ẹ ń bọ Màríà ni?” Mo ní rárá, Ọlọ́run nìkan là ń bọ. Ṣùgbọ́n bí o bá ní ẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ ọba, tí o sì mọ ìyá ọba, ṣé o ò ní í ní kí màmá bá ọ dá sí i? Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó ti yé wọn. Mi ò ka ìwé kankan fún wọn kó tó yé wọn.

Ẹ máa ń rí eérú tí àlùfáà fi ń sàmì sí wa lórí ní ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ogójì ọjọ́. Inú ike kékeré kan lẹ ti ń rí i báyìí, ẹ ò mọ ibi tó ti wá. Nígbà tiwa, imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n bù kún fún wa lọ́jọ́ Àìkú Ọ̀pẹ, a máa ń mú un lọ sílé, a ó fi há òrùlé. Bí ọdún bá yí po, kálukú á kó tirẹ̀ padà wá, a ó jó o pọ̀ níwájú ilé ìjọsìn. Eérú ilé gbogbo wa ni wọ́n fi ń sọ fún wa pé erùpẹ̀ ni wá. Ọdún kan, ìyá aláta kan kó tirẹ̀ wá. Òkè ààrò tó ti ń yan ata ló fi há sí látọdún tó kọjá! Bí iná ṣe ràn, Mọnpẹ́ẹ̀ sín, akọrin sín, gbogbo ìjọ ń wúkọ́, omi ń dà lójú gbogbo wa. Mọnpẹ́ẹ̀ ní ọdún yìí nìkan ni òun tíì rí i kí gbogbo èèyàn sunkún ẹ̀ṣẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Inú ń bí mi síbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé mò ń sọ pé gbogbo ohun àtijọ́ ló dára. Ẹ wò mí dáadáa. Mo ní pàṣán lọ́wọ́ nígbà náà, mo sì ní ìwé àti pẹ́ńsù pupa. Ọ̀dọ́kùnrin ni mí, mo mọ ìwé Faransé díẹ̀, aṣọ mi funfun, bàtà mi ń dún kó-kó-kó. Àgbàlagbà tó lè bí mi á wárìrì bí mo bá pe orúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Kí n má purọ́ fún yín, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju katikísímù gan-an lọ.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Òjó, ará Kétu, tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù ní Dantọkpa. Láti ìdájí ló ti ń ti ẹrù àwọn ẹlẹ́ja, alágbàdo àti aláṣọ kiri. Bó bá jókòó sórí ẹní níwájú mi nírọ̀lẹ́, oorun á gbé e. Mo máa ń fi pàṣán kàn án lórí, àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan ni kò sùn. Ọjọ́ tí mò ń ṣàlàyé Ara Olúwa ni. Mo ní nígbà Mísà, bí àlùfáà bá ti tún ọ̀rọ̀ Jésù sọ lórí búrẹ́dì pẹlẹbẹ yẹn àti wáìnì yẹn, kì í ṣe búrẹ́dì lásán mọ́, Olúwa fúnra rẹ̀ ni. Òjó ní, “Katikíìsì, ṣé òun gan-an?” Mo ní òun gan-an. Ó wá ní, “Ẹni ńlá bẹ́ẹ̀, ó wá ń jẹ́ kí irú wa jẹ òun.” Títí di òní, mi ò tíì gbọ́ ìwàásù tó dùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ọdún kẹta rẹ̀ pé, a sì ń múra Àjíǹde. Mo pe kálukú síwájú, bí ẹ ṣe ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo bi Òjó pé, “Kí ni Ìjọ?” Ìdáhùn tó wà nínú ìwé gùn tó ìlà mẹ́ta. Òjó họ orí, ó ní, “Ilé tí wọn kì í ti í béèrè ibi tí èèyàn ti wá ni.” Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Mo ní kó ka sákírámẹ́ńtì méje. Ó ka ìrìbọmi, ó ka ìfìdímúlẹ̀, Ara Olúwa, ìjẹ́wọ́, ìgbéyàwó, oyè àlùfáà. Ó ku ọ̀kan, òróró tí wọ́n fi ń pa àwọn aláìsàn lára. Ó wá a títí, kò rí i. Mo mú pẹ́ńsù pupa, mo fa ìlà sí orúkọ rẹ̀ gbọọrọ. Mo ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ọkùnrin tó jù mí lọ ní ogún ọdún! Ó ní, “Ẹ ṣé, Katikíìsì. Màá gbìyànjú sí i.”

Ẹ jẹ́ n mí díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, oòrùn wà lórí gan-an, obìnrin kan sáré dé ilé mi láìwé gèlè. Ìyàwó Òjó ni. Kì í wá sí ìjọ, ilé òrìṣà ni wọ́n ti bí i. Ó kúnlẹ̀, ó ní ẹrù kún kẹ̀kẹ́ Òjó lórí afárá àtijọ́, kẹ̀kẹ́ náà fà sẹ́yìn, ó sì wó lù ú láyà. Wọ́n ti gbé e wálé. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Katikíìsì, ó ní kí ẹ wá da omi sí òun lórí. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun pé bí ikú bá súnmọ́lé, kò pọn dandan kó jẹ́ àlùfáà.”

Òótọ́ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ̀yin náà ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi bá wà ní ẹnu ikú, ẹnikẹ́ni tó bá ní in lọ́kàn láti ṣe ohun tí Ìjọ ń ṣe lè bu omi, omi lásán, kó dà á sí i lórí lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì pe orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Ọkùnrin lè ṣe é, obìnrin lè ṣe é. Àní ìyàwó Òjó tí kò tíì ṣe ìrìbọmi lè ṣe é, bí mo bá kọ́ ọ lọ́rọ̀ tó máa sọ. Ọlọ́run kò fi ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ ò ní í tó.

Mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo bá a lọ. Òjó wà lórí ẹní, ẹ̀jẹ̀ wà létè rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mo ti rántí ìkeje, Katikíìsì. Òróró ni.” Ìyàwó rẹ̀ lọ sídìí ìkòkò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó bu omi sí igbá, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, bí a ṣe ń gba àlejò nílẹ̀ wa kí á tó bi í léèrè ohun tó gbé e wá. Oòrùn ti pa mí. Mo mu ún. Mo mu ún tán, mo dá igbá padà, mo ní, “Òjó, orúkọ rẹ kò sí nínú ìwé mọ́. Jẹ́ kí n lọ pe Mọnpẹ́ẹ̀, kó má baà dà bíi pé mo tẹ òfin lójú.” Ó ní, “Kò burú, Katikíìsì.” Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ gbẹ̀yìn láyé nìyẹn.

Mọnpẹ́ẹ̀ ti lọ sí Pọ́tọ̀-Novo. Mo gun kẹ̀kẹ́ tọ̀ ọ́ lọ, a sì jọ padà. Nígbà tí a máa fi dé, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Mọnpẹ́ẹ̀ wo òkú, ó wo mí, ó wo ìkòkò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, “Ṣé kò sí omi nílé yìí ni?”

Mo bú sẹ́kún. Mo bi í bóyá Òjó ti ṣègbé. Inú bí i, ó ní, “Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ń fẹ́ omi tí omi ò dé bá, Ọlọ́run tó rí ọkàn rẹ̀ ti gbà á lọ́mọ. Ohun tí Ìjọ fi ń kọ́ni nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Òjó kò bà mí lẹ́rù rárá. Ọ̀rọ̀ tìrẹ ló ń bà mí lẹ́rù.” Ó sin ín láàárín àwọn ọmọ ìjọ, ó pè é ní arákùnrin wa lójú gbogbo èèyàn. Èmi lọ jẹ́wọ́. Àwọn kan nínú yín máa ń ṣàlàyé ìjẹ́wọ́ bíi kóòtù. Kì í ṣe kóòtù. Ní kóòtù, ẹni tó bá jẹ́wọ́ ni wọ́n ń tì mọ́lé. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá jẹ́wọ́ ni wọ́n ń tú sílẹ̀. Wọ́n tú mi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Mo sun pàṣán náà níná. Lọ́dọọdún, ní oṣù tí a fi ń gbàdúrà fún àwọn òkú wa, orúkọ Òjó ni mo ń kọ́kọ́ dá, nítorí ikú kò já okùn tó so wá pọ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú tí ẹ ń rí lójú mi yìí, kì í ṣe ọmọ àná. Ó ti dàgbà ju gbogbo yín lọ. Mo rò pé ó ti ń sùn. Lánàá ni Ìyá Bíọ́lá dúró síbí, tó ní òun á padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, pé òun á gbìyànjú sí i. Ọ̀rọ̀ kan náà! Ìbínú náà dìde pẹ̀lú igbá omi yẹn lọ́wọ́.

Ta ló sọ fún yín pé ó ní ọdún tó ń bọ̀? Ẹ wo irun rẹ̀. Ẹ wá ń fi Faransé bi í ní ohun tó ti ń fi Nàgó ṣe fún ọdún mẹ́ta. Ta ló ń gbé ẹja lọ fún àwọn opó lẹ́yìn Mísà? Ta ló ń gbá iwájú ilé ìjọsìn kí ẹ tó dé pẹ̀lú ìwé yín? Bí sákírámẹ́ńtì méjì bá kù fún un láti kà, ẹ kọ́ ọ. Iṣẹ́ yín nìyẹn! Ẹ lè kọ́ ọ láàárín òní sí Àjíǹde nígbà tó bá ń yí ẹja. Fọ́tò tó kù, kí ẹni tó ní fóònù tó dára jù nínú yín yà á.

Ẹ gbọ́. Ẹnì kan ń pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni, èmi ni mo ní kó wá nírọ̀lẹ́ yìí. Ẹ̀yin náà ti ń gbóòórùn èéfín. Símónì, dìde lórí àga yẹn. Felisité, kọ orúkọ rẹ̀ padà ná. Kọ ọ́ níbi tí mo ti lè rí i. Ó dáa. Má sunkún, ọmọ mi, ìwọ ṣì rí i tún ṣe. Ìkòkò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bu omi, fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó mu ún tán kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun.